"Ká pín in sí méjì": bí ìlàjà ṣe rí lọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òfin mi

Olùkọ́ Tuntun:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹlẹgbẹ́ mi. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà, ẹ jọ̀wọ́, kó tó di ọ̀sẹ̀ méjì òní, torí ìgbà yẹn la máa tún ṣe irú eré tí mo fẹ́ ròyìn rẹ̀ yìí.

Ọdún 7 ni mo fi ṣe lọ́yà ní kóòtù kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ni. Sáà yìí ni wọ́n kọ́kọ́ gbé kọ́ọ̀sì yíyanjú aáwọ̀ láìdé kóòtù lé mi lọ́wọ́: ọ̀sẹ̀ 12, akẹ́kọ̀ọ́ 33, gbogbo wọn ló wà ní ọdún àṣekágbá. Àlàyé ni mo fi ọ̀sẹ̀ mẹ́rin àkọ́kọ́ ṣe. Mo sọ fún wọn nípa Ọ̀jọ̀gbọ́n Frank Sander ti Harvard, ohun tó sọ níbi àpérò kan ní St. Paul, ìpínlẹ̀ Minnesota, lóṣù kẹrin ọdún 1976: pé kò yẹ kí kóòtù jẹ́ ilé onílẹ̀kùn kan tí gbogbo aáwọ̀ ń há sí ẹnu rẹ̀, pé kí ilẹ̀kùn rẹ̀ pọ̀, kí ẹnì kan wà lẹ́nu ọ̀nà tí yóò wo irú ọ̀rọ̀ tó dé, tí yóò sì júwe ilẹ̀kùn tó bá a mu. Mo kọ́ wọn ní ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìdúnàádúrà, ìlàjà àti arbitration, ìyẹn kí àwọn tó ń jà yan ẹni tí yóò dá ẹjọ́ wọn láìdé kóòtù. Mo fún wọn ní ìdánwò kékeré, wọ́n ṣe dáadáa, ọkàn mi sì balẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ karùn-ún ni ọ̀rọ̀ bẹ́yìn yọ.

Mo pín wọn sí ẹgbẹ́ 11, ẹni mẹ́ta mẹ́ta: onílàjà kan, àti àwọn méjì tó ń jà. Èmi ni mo kọ ìtàn ìjà náà fúnra mi. Ayafọ́tò kan lọ ya fọ́tò ìgbéyàwó, mẹ́mọ́rì káàdì rẹ̀ bàjẹ́, gbogbo fọ́tò ayẹyẹ alẹ́ sì lọ. Ìyàwó ní òun máa gba gbogbo owó òun padà. Ayafọ́tò ní ó wà nínú ìwé àdéhùn pé bí ẹ̀rọ bá dàlẹ̀, ohun tí òun máa dá padà kò gbọ́dọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́wàá owó náà lọ. Ohun tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ̀ nìyẹn. Lẹ́yìn náà mo fún àwọn méjì tó ń jà ní ìwé àṣírí, kálukú pẹ̀lú tirẹ̀. Nínú ti ìyàwó, ìyá àgbà tó tọ́ ọ dàgbà dìde jó lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ó sì kú lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Fọ́tò ijó yẹn ni kò jẹ́ kó sùn. Nínú ti ayafọ́tò, ọmọṣẹ́ rẹ̀ náà mú kámẹ́rà dání lálẹ́ ọjọ́ náà, ó ya fọ́tò tó tó 200 tí ẹnikẹ́ni ò tíì yẹ̀ wò. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà á pé bí òun bá mú wọn jáde, wọ́n á ní òun ti gbà pé òun jẹ̀bi.

Ìṣẹ́jú 40 ni mo fún wọn. Ẹgbẹ́ tó kọ́kọ́ parí lo ìṣẹ́jú 8. Nínú ẹgbẹ́ 11, mẹ́sàn-án pín owó náà sí méjì ọgbọọgba, wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́, ó parí. Nínú méjì tó kù, onílàjà di adájọ́. Ọmọkùnrin kan, ọ̀kan lára àwọn tó mọ̀wé jù ní kíláàsì náà, jókòó ṣánṣán, ó gbé bírò rẹ̀ kalẹ̀, ó ní: "Mo ti gbọ́ tẹnu ẹ̀yin méjèèjì. Bí a bá wo ìwé àdéhùn yín…" Ọmọbìnrin tó ń ṣe ìyàwó nínú ẹgbẹ́ yẹn ká ìwé àṣírí rẹ̀ sí méjì, ó tún un ká sí mẹ́rin, ó kì í bọ àpò. Ojú mi ló ṣe. Kò sí ẹgbẹ́ kankan tí ọ̀rọ̀ ìyá àgbà yẹn ti jáde.

Mo nígbàgbọ́ nínú iṣẹ́ yìí, ẹ̀yin èèyàn mi. A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Mo ti bá tẹ̀gbọ́n tàbúrò kan ti kóòtù bọ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́fà tí wọ́n fi jà lórí ilé, ẹni tó jàre lọ́jọ́ náà ló sunkún jù. Mi ò fẹ́ kí àwọn ọmọ yìí jáde ní yunifásítì kí wọ́n máa rò pé ìlàjà túmọ̀ sí ká gé nǹkan sáàárín.

Báwo ni mo ṣe lè mú wọn wádìí ọ̀rọ̀ kí wọ́n tó pín owó? Máàkì ńkọ́? Ìlànà kọ́ọ̀sì náà ní kí eré yìí gba 40 nínú 100, mi ò sì mọ ohun tí mo máa gbé sórí òṣùwọ̀n. Bó bá jẹ́ ẹni tó parí ìjà ló yege, ẹni tó lo ìṣẹ́jú 8 ló gba ipò kìíní nìyẹn. Èyí tó kù ló ń jẹ mí lọ́kàn jù. Ọmọbìnrin kan nawọ́ sókè nígbà tí a fẹ́ túká, ó ní: "Mà, bó bá jẹ́ inú yàrá ni gbogbo aáwọ̀ ń parí sí, tí ẹnikẹ́ni ò sì gbọ́dọ̀ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, níbo ni òfin tí à ń kà yìí á ti máa wá?" Mo ní ìbéèrè gidi ni, a máa padà sí i. Mi ò tíì padà sí i, torí mi ò fẹ́ dá a lóhùn lásán.

Onílàjà Ọdún 16:

Ẹ kú iṣẹ́ ribiribi, mà. Ìlàjà ni mo fi ń jẹun láti ọdún 16 sẹ́yìn, mo sì máa ń lọ bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òfin ṣe ìdánrawò lọ́dọọdún.

Ẹ má bínú sí àwọn ọmọ náà. Láti ọdún kìíní ni a ti ń gbé ìtàn síwájú wọn tí a ń bi wọ́n pé, "Ta ló jàre?" Ohun tí wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe nìyẹn. Ẹ wá gbé ìtàn mìíràn síwájú wọn, ẹ ní kí wọ́n má wá ẹni tó jàre, ọwọ́ wọn wá ṣófo. Nọ́ńbà ló sì yá láti mú fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ṣófo.

Ìtàn yín dára. Kókó rẹ̀ ni pé kí pípín sí méjì jẹ́ àdánù fún àwọn méjèèjì, ẹ sì ti ṣe ìyẹn. Ohun tó kù ni kí wọ́n fi ojú ara wọn rí àdánù náà. Ẹ má tíì fún wọn ní ìtàn tuntun. Ní kíláàsì tó ń bọ̀, ẹ dá wọn padà sí ẹgbẹ́ wọn, ẹ ní kí àwọn tó jà pààrọ̀ ìwé àṣírí, kí onílàjà náà ka méjèèjì. Lẹ́yìn náà kí ẹ̀yin pa ẹnu mọ́. Ẹ má ṣàlàyé ohunkóhun.

Bí wọ́n bá ti kà á tán, ẹ ya máàpù Sínáì sójú pátákó. Ísírẹ́lì gba ilẹ̀ yẹn lọ́wọ́ Íjíbítì nínú ogun 1967. Nígbà tí Ààrẹ Carter ti Amẹ́ríkà kó àwọn méjèèjì jọ sí Camp David fún ọjọ́ 13 lóṣù kẹsàn-án 1978, Íjíbítì ní àfi kí gbogbo rẹ̀ padà, Ísírẹ́lì ní àfi kí díẹ̀ kù sọ́wọ́ òun. Ẹ fún akẹ́kọ̀ọ́ kan ní ṣọ́ọ̀kì, ẹ ní kó jáde wá fa ìlà sáàárín. Ibi yòówù kó fà á sí, ẹnì kan á kọ̀. Ìgbà yẹn ni kí ẹ tó wá bi wọ́n pé kí nìdí tí olúkúlùkù fi ń béèrè ohun tó ń béèrè. Íjíbítì ò fẹ́ kí ilẹ̀ rẹ̀ wà lábẹ́ àsíá ẹlòmíràn. Ísírẹ́lì ò fẹ́ kí táǹkì ogun Íjíbítì máa wo òun látẹnu ààlà. Ilẹ̀ náà padà fún ẹni tó ni ín, wọ́n sì fẹnu kò pé apá tó pọ̀ níbẹ̀ ò gbọ́dọ̀ gba ọ̀wọ́ ọmọ ogun ńlá. Oṣù kẹta 1979 ni wọ́n fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà. Ohun tí ẹnu ń béèrè yàtọ̀ sí ohun tí ọkàn ń wá: bí wọ́n bá ti rí i lójú pátákó, ẹ ò ní nílò kí ẹ máa tún un sọ.

Lọ́jọ́ eré kejì, ẹ ṣe òfin kan: fún ìṣẹ́jú 20 àkọ́kọ́, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ dárúkọ iye owó. Ó le, ṣùgbọ́n ó máa ń ṣiṣẹ́.

Ẹ ṣàkíyèsí ohun mìíràn. Ní kóòtù, bí ẹ bá ń bi ẹlẹ́rìí alátakò ní ọ̀rọ̀, wọ́n kọ́ wa pé ká má béèrè ohun tí a ò bá mọ ìdáhùn rẹ̀. Nínú ìlàjà, ìbéèrè tí a bá ti mọ ìdáhùn rẹ̀ kò wúlò fún nǹkan kan. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ náà fi ara gbá ìyàtọ̀ yẹn. Bí wọ́n bá béèrè ọ̀rọ̀, tí ẹni náà dákẹ́, kí wọ́n ka oókan dé eéje nínú ọkàn wọn kí wọ́n tó tún lanu. Ọ̀dọ́ lọ́yà ò lè gba ìdákẹ́jẹ́ẹ́ mọ́ra, ó máa fẹ́ fi ọ̀rọ̀ dí i. Ẹ̀yìn ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn sì ni òtítọ́ máa ń wà.

Èyí tó kẹ́yìn: ṣé àwọn onílàjà yín tilẹ̀ ṣí ìjókòó bó ṣe yẹ? Ṣé wọ́n pe ẹnì kọ̀ọ̀kan sí ìkọ̀kọ̀? Ìyàwó yẹn ò lè sọ ọ̀rọ̀ ìyá àgbà rẹ̀ lójú ẹni tó sọ fọ́tò náà nù. Ayafọ́tò náà ò sì lè mú fọ́tò 200 jáde bí ẹnikẹ́ni ò bá tíì fi dá a lójú pé ohun tó bá sọ nínú yàrá yìí kì í ṣe ohun tí wọ́n máa gbé tọ adájọ́ lọ lọ́la. Ọ̀rọ̀ àṣírí tí à ń kọ́ wọn bí àkọ́sórí yìí, òun ni kọ́kọ́rọ́ dúrọ́ọ̀ ayafọ́tò náà. Kí onílàjà sì má jáde nínú ìpàdé ìkọ̀kọ̀ láìbéèrè pé, "Nínú gbogbo ohun tí ẹ sọ fún mi yìí, èwo ni mo lè sọ fún un?"

Olùkọ́ Tuntun:

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀gbọ́n. Wọn ò ṣí ìjókòó rárá. "Ẹ káàbọ̀, ẹ sọ tẹnu yín" ni púpọ̀ nínú wọn fi bẹ̀rẹ̀. Mo ti kọ ti ìpàdé ìkọ̀kọ̀ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ máàkì ni mo ṣì ń rò.

Ìyá Kíláàsì:

Ọmọ mi, jẹ́ kí n bá ọ dá sí ti máàkì, torí ó ti dà mí láàmú rí. Ọdún tí mo kọ́kọ́ fún wọn ní máàkì lórí àdéhùn, ẹgbẹ́ méjì ti jọ fẹnu kò lórí ohun tí wọ́n máa kọ kí wọ́n tó wọ kíláàsì.

Nínú 40 yẹn, má fún àdéhùn ní ẹyọ kan ṣoṣo. Àìfẹnukò lè jẹ́ ìwà ọgbọ́n nígbà mìíràn: bí ohun tí ẹnì kan máa rí gbà ní kóòtù bá dára ju ohun tó wà lórí tábìlì lọ, ó yẹ kó dìde. Sọ fún wọn bẹ́ẹ̀. Fi 10 sórí ojú ìwé kan tí wọ́n máa kọ kí eré tó bẹ̀rẹ̀: kí ni mò ń béèrè, kí nìdí tí mo fi ń béèrè rẹ̀, kí ló kù fún mi láti ṣe bí a ò bá gbọ́ra wa yé. Fi 10 sórí iṣẹ́ òǹwòran. Má ṣe ẹni mẹ́ta mẹ́ta mọ́, ṣe ẹni mẹ́rin mẹ́rin. Ẹni kẹrin ò gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó kọ gbogbo ìbéèrè tí onílàjà bá béèrè sílẹ̀, bó ṣe jáde lẹ́nu rẹ̀ gẹ́lẹ́, kó sì sàmì sí èyí tí nǹkan yí padà lẹ́yìn rẹ̀. Fi 20 tó kù sórí ìwé tí kálukú máa kọ nílé lẹ́yìn eré náà. Ìbéèrè wo ló ṣí ọ̀rọ̀? Ìgbà wo ni inú bí mi, kí ni mo ṣe sí i? Inú ìwé yẹn ni wà á ti mọ ẹni tó kọ́ nǹkan. Mo ti fún ẹni tí ìlàjà rẹ̀ fọ́ pátápátá ní 19 nínú 20 rí, torí ó mọ ibi tó ti fọ́.

Fi àkókò gígùn sílẹ̀ fún ìjíròrò lẹ́yìn eré. Bí eré bá gba ìṣẹ́jú 40, ìjíròrò náà á gba 40.

Ọmọbìnrin tó bi ọ́ ní ìbéèrè yẹn, tọ́jú rẹ̀ o, ojú rẹ̀ là. Kì í ṣe òun nìkan ló ń bi í. Owen Fiss, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yale, kọ àpilẹ̀kọ kan lọ́dún 1984 tó fi takò wá gidigidi. Ó ní agbára àwọn méjì tó ń jà kì í sábà dọ́gba. Ẹni tí kò lówó lọ́wọ́ á gba díẹ̀ lónìí torí kò lè dúró de púpọ̀ lọ́la. Ó ní iṣẹ́ adájọ́ ju kí ìjà ṣáà parí lọ, ó wà láti sọ ohun tí òfin jẹ́ sétí gbogbo ayé. Má fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ pamọ́ fún wọn. Mo máa ń sọ fún àwọn tèmi pé kí wọ́n wo ẹjọ́ Brown, èyí tí kóòtù tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà dá lọ́jọ́ 17 oṣù karùn-ún 1954, tó ní yíya ilé ìwé àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú sọ́tọ̀ lòdì sí òfin ìpìlẹ̀. Ká ní wọ́n pe àwọn òbí tó gbé ẹjọ́ náà lọ sínú yàrá kan, kí wọ́n ní ó dáa, ẹ mú ọmọ tiyín wá, ṣùgbọ́n kí ọ̀rọ̀ yìí má jáde. Àwọn òbí wọ̀nyẹn ì bá rí ohun tí wọ́n wá. Mélòó nínú àwọn ọmọ tó kù ni ì bá gbọ́?

Sander gan-an ò sọ pé kí a ti ilẹ̀kùn kóòtù. Ìbéèrè tirẹ̀ ni pé ilẹ̀kùn wo ló yẹ aáwọ̀ wo. Kọ aáwọ̀ mẹ́wàá sórí páálí, kí wọ́n máa jà lórí ilẹ̀kùn tí ọ̀kọ̀ọ̀kan máa gbà. Fi èyí tí wọn ò gbọ́dọ̀ yára gbé síbi ìlàjà síbẹ̀: ilé tí ọkọ ti ń lu ìyàwó. Ẹni tó ń ronú ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí i bó bá délé, kò lè dúnàádúrà, bó tilẹ̀ ń mi orí. Ìdí nìyẹn tí onílàjà ẹbí tó mọ iṣẹ́ fi máa ń kọ́kọ́ rí ẹnì kọ̀ọ̀kan lóun nìkan.

Bó bá ṣì ku ọ̀sẹ̀ kan fún ọ, fún wọn ní ẹjọ́ méjì láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nínú Halsey, ọdún 2004, kóòtù kòtẹ́milọ́rùn ní fífi ipá ti ẹni tí kò fẹ́ lọ síbi ìlàjà jọ dídínà kóòtù mọ́ ọn. Nínú Churchill, oṣù kọkànlá 2023, kóòtù kan náà ní gbólóhùn yẹn kì í ṣe ara ohun tó gbé ìdájọ́ Halsey ró, kò de àwọn. Pé adájọ́ lè dá ẹjọ́ dúró ná, kó ní kí wọ́n lọ gbìyànjú ọ̀nà mìíràn, bí kò bá ṣáà ti gba ẹ̀tọ́ ìgbẹ́jọ́ lọ́wọ́ wọn. Koríko líle kan tó ti orí ilẹ̀ ìjọba ìbílẹ̀ ràn wọ ilẹ̀ oníléẹ̀gbẹ́ ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Jẹ́ kí ìlàjì kíláàsì gbèjà èyí, ìlàjì gbèjà ìyẹn, lẹ́yìn náà kí wọ́n pààrọ̀.

Lọ́yà Ọdún Kejì:

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin mà àti sà. Ọdún kejì mi rèé lẹ́nu iṣẹ́. Mo ṣe kọ́ọ̀sì yìí nígbà tí mo wà nílé ìwé, ohun kan ni wọn ò sì kọ́ mi tó ṣe mí ní bàsèjẹ́: gbogbo ìgbà tí a bá ṣeré, onílàjà ni wọ́n ń kọ́ wa láti jẹ́. Púpọ̀ nínú wa ò ní di onílàjà. Lọ́yà tó tẹ̀lé oníbàárà lọ síbi ìlàjà la máa jẹ́.

Lọ́dún tó kọjá mo tẹ̀lé oníbàárà mi kan lọ. Ojú ìwé 11 ni mo kọ, gbogbo rẹ̀ lórí owó. Ìgbà tí onílàjà béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, mo gbé ọwọ́ lé e lápá, mo ní, "Ohun tí oníbàárà mi ń sọ ni pé…" Onílàjà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Mo fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀." Bàbá náà sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú méjì péré. Inú yàrá yẹn ni ohun tó sọ wà, mi ò lè gbé e síbí. Ṣùgbọ́n kò sí nínú ojú ìwé 11 tí mo kọ.

Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jẹ́ kí àwọn kan ṣe lọ́yà nínú eré náà. Ẹ kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń múra oníbàárà sílẹ̀, àti ìgbà tó yẹ kí wọ́n dákẹ́. Kí wọ́n sì kọ ìwé àdéhùn náà tán pátápátá. Ẹ fún ẹgbẹ́ mìíràn, ẹ ní kí wọ́n wá ibi tó ti máa já. "Wọ́n á san owó náà láìpẹ́", láìpẹ́ wo? Ta ló máa san án, báwo, kí ló máa ṣẹlẹ̀ bí ọjọ́ bá kọjá? Bó bá jẹ́ òwò láàárín orílẹ̀-èdè ni, kí wọ́n mọ̀ pé àdéhùn Singapore lórí ìlàjà ti wà, èyí tó ń jẹ́ kí kóòtù orílẹ̀-èdè mìíràn lè mú ohun tí wọ́n fẹnu kò lé lórí níbi ìlàjà ṣẹ: orílẹ̀-èdè 46 ló fọwọ́ sí i lọ́jọ́ àkọ́kọ́, 7 oṣù kẹjọ 2019, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ 12 oṣù kẹsàn-án 2020.

Ará Arbitration:

Mo gbádùn ohun tí gbogbo yín sọ, àmọ́ ẹ má jẹ́ kí ìlàjà gbé arbitration mì. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló ń jáde tí wọ́n rò pé tẹ̀gbọ́n tàbúrò ni méjèèjì. Ẹni tí wọ́n yàn níbi arbitration ń dájọ́, ìdájọ́ rẹ̀ sì dè wọ́n. Ìdí tí àwọn oníṣòwò fi fẹ́ràn rẹ̀ ni àdéhùn New York ti 1958, tí orílẹ̀-èdè tó wọ̀ ọ́ ti ju 170 lọ: ìdájọ́ tí wọ́n gbà níbí, kóòtù ọ̀hún á mú un ṣẹ, àyàfi nítorí ìdí díẹ̀ tó wà nínú abala karùn-ún. "Ó ṣi òfin lò" kò sí lára àwọn ìdí náà. Máa wo ojú akẹ́kọ̀ọ́ nígbà tó bá kọ́kọ́ mọ èyí.

Ẹ̀kọ́ ọjọ́ kan péré tó fún un. Kọ gbólóhùn yìí sójú pátákó: "Bí aáwọ̀ bá ṣẹlẹ̀, a óò lọ sí arbitration ní Paris tàbí London, níwájú àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí dunjú." Bi wọ́n pé, kóòtù ìlú wo ló máa mójú tó o? Adájọ́ mélòó? Bí ọ̀kan bá kọ̀ láti yan tirẹ̀ ńkọ́? Èdè wo, òfin ilẹ̀ wo, ìlànà ta ni? Ìṣẹ́jú 30, kí wọ́n tún un kọ. Èyí tí wọ́n bá gbádùn rẹ̀ nínú wọn, sọ fún wọn nípa ìdíje Vis, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òfin ti ń fi arbitration ṣeré, tó ń wáyé ní Vienna lọ́dọọdún.

Olùkọ́ Tuntun:

Ẹ̀yin àgbà mi, mo ti dé. A ti ṣe é.

Mo kọ́kọ́ ṣe pàṣípààrọ̀ ìwé àṣírí bí ẹ̀gbọ́n ṣe wí. Mo dúró sẹ́bàá fèrèsé, mi ò sọ nǹkan kan. Ọmọkùnrin tó dájọ́ lọ́jọ́sí ka ìwé ayafọ́tò, ó ka ti ìyàwó, ó tún padà ka ti ìyàwó. Ó wá kọjú sí ọmọbìnrin tó ká ìwé rẹ̀ sápò, ó ní, "Kí ló dé tí o ò sọ ọ́?"

Ó ní, "O ò bi mí."

Mi ò ṣàlàyé ohunkóhun lọ́jọ́ yẹn. Máàpù Sínáì nìkan ni mo yà.

Fún eré kejì, mo kọ ìtàn tuntun. Ilé ìtẹ̀wé kan tẹ ìwé jáde, wọ́n gbàgbé láti fi orúkọ obìnrin tó túmọ̀ rẹ̀ sí èèpo ìwé náà, obìnrin náà sì ń béèrè owó ńlá. Nínú ìwé àṣírí rẹ̀, ó fẹ́ wáṣẹ́ ní ibì kan tí wọ́n ti ní kó mú iṣẹ́ tó ti ṣe wá kí oṣù tó parí. Nínú ti ilé ìtẹ̀wé, wọ́n máa tún ìwé náà tẹ̀ láìpẹ́, ẹ̀rù ń bà wọ́n pé bí wọ́n bá san owó fún ẹnì kan, gbogbo atúmọ̀ tó kù á dé. Mo pín wọn sí ẹgbẹ́ mẹ́jọ, ẹni mẹ́rin mẹ́rin, ọ̀kan gba ẹni márùn-ún. Ìṣẹ́jú 20 láìsí iye owó. Àwọn kan wò mí bíi pé mo gba aṣọ lọ́rùn wọn.

Ẹgbẹ́ mẹ́ta ṣì pín owó sí méjì nígbà tí ìṣẹ́jú 20 pé, mi ò ní pa irọ́ fún yín. Ọ̀kan ò fẹnu kò rárá, ìwé tí àwọn yẹn kọ sì wà lára èyí tó dára jù tí mo kà. Ẹgbẹ́ ọmọkùnrin yẹn ni mo fẹ́ sọ. Òun náà ló tún ṣe onílàjà, òun ló bẹ̀bẹ̀ pé kí n jẹ́ kí òun tún un ṣe. Ó ṣí ìjókòó dáadáa, ó ṣàlàyé pé ohun tí wọ́n bá sọ nínú yàrá náà kò ní jáde, ó bi ilé ìtẹ̀wé bóyá ó yé wọn. Nígbà tó kan ìpàdé ìkọ̀kọ̀ pẹ̀lú atúmọ̀, ìbéèrè tó béèrè, bí òǹwòran ṣe kọ ọ́ sílẹ̀, rèé: "Lọ́jọ́ tí ìwé náà tẹ̀ yín lọ́wọ́, kí lẹ kọ́kọ́ ṣe?"

Ọmọbìnrin tó ń ṣe atúmọ̀ wo ilẹ̀. Mo rí ètè ọmọkùnrin náà tó ń mì díẹ̀díẹ̀. Ó ń ka oókan dé eéje.

Ọmọbìnrin náà ní, "Mo yí i padà wo ẹ̀yìn rẹ̀. Mo ṣí i. Mò ń wá orúkọ mi."

Ọmọkùnrin náà tún dákẹ́. Lẹ́yìn náà ló bi í pé, "Ta lẹ fẹ́ fi hàn?"

Gbogbo ọ̀rọ̀ iṣẹ́ tó ń wá jáde tán. Ó sì rántí béèrè èyí tí òun lè gbé dé ọ̀dọ̀ ilé ìtẹ̀wé. Ìwé àdéhùn wọn ò ju ìlà mẹ́fà lọ. Ìlà kìíní: lẹ́tà tí ilé ìtẹ̀wé máa fọwọ́ sí láàárín ọjọ́ mẹ́ta, tó sọ pé obìnrin yìí ló túmọ̀ ìwé náà. Ìkejì: orúkọ rẹ̀ lórí èèpo àtẹ̀jáde tuntun, pẹ̀lú bí lẹ́tà rẹ̀ ṣe gbọ́dọ̀ tóbi tó. Ìkẹta: orúkọ náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́jọ́ kejì. Ìlà karùn-ún ni owó ti jáde, kò sì pọ̀.

Ìyá wa, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ la máa gbé páálí aáwọ̀ mẹ́wàá jáde. Ọmọbìnrin tó béèrè ibi tí òfin ti máa ń wá, mo ti fún un ní Fiss láti lọ kà, mo ní òun ló máa kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Àwọn mẹ́ta tó ṣì ń pín owó sí méjì, mo fẹ́ mú wọn jókòó lọ́tọ̀ kí n tó fún wọn ní máàkì. Ẹ̀gbọ́n onílàjà, ṣé ẹ lè yọ̀ǹda wákàtí kan fún wa lórí fídíò, kí ẹ bá wọn ṣe onílàjà, kí àwọn jẹ́ oníjà?